Lẹ́tà ṣíṣí sí olùdarí àti àwọn olówó fíìmù wa: ẹ̀ẹ̀mejì lẹ lé àwọn ayálégbé yẹn jáde

Ọ̀gá olùdarí, ẹ̀yin pródúsà, àti gbogbo ẹ̀yin tí owó yín wà nínú fíìmù yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú ìwé lórí itan ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ya fíìmù náà, èmi tí mo máa ń pariwo pé ọwọ́ òsì ló fi mú kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún, tí ẹ ó máa sọ pé wàhálà mi ti pọ̀ jù. Kọntinúítì niṣẹ́ mi, kí n máa ṣọ́ ọ kí ohun tí a yà lẹ́ẹ̀kan bá èyí tí a tún yà mu. Mo buwọ́ lùwé pé mi ò ní dárúkọ fíìmù náà tàbí ilé-iṣẹ́ yín kó tó jáde, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé yẹn pé kí n gbé ohun tó ń dùn mí mì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín kí n tó gbé èyí síta. Ẹ ò dá mi lóhùn, àfi ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹnìkan ní ọ́fíìsì yín fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi. Àtàǹpàkò lásán o.

Ohun tó fà á nìyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á. Fíìmù tí a lọ yà, ilé alájà mẹ́ta kan ni àti òpópónà iwájú ẹ̀, èèyàn mọ́kànlá ló ń gbé ibẹ̀ tí ìtàn wọn wọnú ara wọn, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun, wọ́n wá ń fún wọn ní kúìtì nótíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíìmù tí wọ́n fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, ọmọbìnrin kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọfí, ọkàn ẹ̀ ò wá balẹ̀ torí àwọn èèyàn kan ń kó ẹrù jáde. Àwọn èèyàn kan! A ò mọ̀ wọ́n. A kàn ń rí wọn tí wọ́n ń gbé àpótí kọjá lójú wíńdò ẹ̀ nígbà tó ń nu kọ́ọ̀bù. Ẹ lé wọn kúrò nílé nínú ìtàn, ẹ tún wá lé wọn kúrò nínú fíìmù. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, màá sì ka ẹ̀sùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ "àjọṣe" kúrò lórí pósítà yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé fíìmù àjọṣe ni, ìtàn gbogbo àdúgbò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ensemble, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Kì í ṣe kí òṣèré sáà ti pọ̀, tó bá jẹ́ ti kí wọ́n pọ̀ ni, fíìmù ogun wo ni ò ní èrò? Ohun tó jẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ní ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kó má jẹ́ pé torí kí ẹlòmíì lè ní ẹni tí á káàánú ló ṣe wà níbẹ̀. Robert Altman ṣe fíìmù Nashville lọ́dún 1975, èèyàn 24 ló kó sínú ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ni ìtàn náà gbà, síbẹ̀ èèyàn á wo fíìmù yẹn tán á mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń wá kiri ìlú. Mọ́kànlá la ní ní tiwa, ẹ wá ní ó pọ̀ jù, orí á máa fọ́ èèyàn.

Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Síìnì 112 la yà. Ìyá Aránṣọ ní 15, ó ku 3. Bàbá tó ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé ní 11, ó ku 2, ọ̀kan nínú méjèèjì sì rèé, ẹ̀yìn orí bàbá nìkan la rí. Nọ́ọ̀sì tó máa ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé nígbà táwọn yòókù bá ń jáde, ó ku ibi tó ti ń sùn. Àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ yọ wọ́n pátápátá, orúkọ wọn nìkan ló kù ní ìparí fíìmù, ó wá dà bí orúkọ olóògbé. Ẹ wá wo oníkọfí: 17 la kọ fún un, 17 náà ló pé, ẹ tún kó wa padà lọ fún ọjọ́ méjì gbáko láti fi 6 lé e. Àwọn tó yẹ kó ni ìtàn lẹ sọ di wákápáàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí wọ́n má bàa ṣì mí gbọ́, mi ò ní nǹkan kan sí ọmọbìnrin tó ṣe oníkọfí. Ó mọṣẹ́, ó sì níwà. Òun gan-an ló kọ́kọ́ bi mí lẹ́yìn ìfihàn pé "àǹtí, ibo làwọn yòókù wà?" Èmi náà sì rèé, ẹni tuntun ni mí ládùúgbò tí mò ń gbé báyìí, mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá kó débì kan tó wá gbọ́ pé ẹni tó wà nínú yàrá yẹn tẹ́lẹ̀ ò lè san rẹ́ǹtì tuntun. Ìtàn tiẹ̀ náà wúlò. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́.

2. Síìnì 41. Orí èyí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Ìyá Aránṣọ ti gba nótíìsì, ó ti pa á mẹ́rin sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì kí máṣíìnì má bàa máa mì. Kò ké, kò bínú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó yọ tépù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn yàrá. Ó wọn máṣíìnì, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, níbi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá parí sí á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí tépù náà torí kò ní bébà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ẹ̀ kan ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wà tó bá ń ránṣọ, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti jẹ wọnú díẹ̀. Ó wọn ìyẹn náà. Ó wá bojú wo oòrùn tó gba wíńdò wọlé tó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó wọn oòrùn.

Ìyẹn ò sí nínú sikíríìtì. Òṣèré yẹn ló ti inú ara ẹ̀ mú un wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la yà á, oòrùn ò sì dúró dè wá, gbogbo ìgbà tó bá tún wọ̀n ọ́n ni iye tó wà lórí tépù ń yí padà, èmi wá pariwo gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi pé kò bá ti àtẹ̀yìnwá mu. Ọ̀gá olùdarí, ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn. Ẹ ní, "fi í sílẹ̀, kó má bára mu." Mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Kò sẹ́ni tó mira nínú yàrá yẹn. Ọkùnrin tó gbé gbohùngbohùn sókè ń sunkún, ọwọ́ ẹ̀ ò sì gbọ̀n, mo ṣì ń ṣe sàdáńkátà fún un títí dòní.

Síìnì 58 ló dá a lóhùn. Ejẹ́ǹtì mú màmá lọ wo yàrá tuntun lódìkejì ìlú, ó na tépù tó ní ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn mọ́ ògiri, ó rí i pé tí máṣíìnì bá wọlé bẹ́ẹ̀dì ò ní wọlé, ó ká tépù padà, ó ní "ẹ ṣeun, ọmọ mi." Ó parí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún wa, kò sì sẹ́ni tí ò ní yé.

Méjèèjì lẹ yọ. Mo bi ẹ́dítọ̀, ó ní àkókò ló fà á, wọ́n ní fíìmù ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí méjì. Ó dáa. Kí ló wá wà níbi tí síìnì 41 wà tẹ́lẹ̀? Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ tí oníkọfí ń kun ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pẹ̀lú orin, tó fi ọ̀dà kan imú, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́ọ̀ṣì kà á. Síìnì 41 ò pé ìṣẹ́jú méjì.

3. Kọfí kọ́ ló lé wọn. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá. Ẹni tó bá wo fíìmù yín báyìí á rò pé ìwà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló fa gbogbo ẹ̀, pé tí oníkọfí bá ti lè máa kí àwọn àgbà dáadáa tó sì mọ orúkọ wọn, nǹkan á tún ṣe.

Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ, ló dá ọ̀rọ̀ gentrification sílẹ̀ lọ́dún 1964 nígbà tó ń kọ̀wé nípa London. Ohun tó rí ni pé ilé kéékèèké táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, tí àdéhùn ilé bá ti parí báyìí, àwọn tó lówó á gbà á, á di ilé ńlá olówó gọbọi, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò kan kì í dúró títí ó fi máa lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lọ. Ẹ wò ó dáadáa, àdéhùn ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1979, Neil Smith, onímọ̀ jọ́gíráfì, ní kí wọ́n yé sọ pé èèyàn ló ń padà sínú ìlú, owó ló ń padà. Àlàyé ẹ̀ ò le rárá: iye kan wà tí ilẹ̀ ń mú wọlé báyìí pẹ̀lú àwọn tó wà lórí ẹ̀, iye kan sì wà tó lè mú wọlé tí wọ́n bá kó wọn kúrò tí wọ́n tún un kọ́, tí àlàfo àárín méjèèjì bá ti fẹ̀ tó, owó á yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlàfo náà fẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ kí ilé bà jẹ́ ná. Ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé, tí wọ́n ń pè ní HOLC, ya máàpù àwọn ìlú, wọ́n kun àdúgbò tí wọ́n ní ó léwu láti yá lówó ní pupa, ibi táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé kì í sì í sábà bọ́ lọ́wọ́ pupa yẹn. Ibi tí wọ́n ti kọ̀ láti ná owó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún wá ń sáré rà nígbà tó yá.

A sì ní gbogbo eléyìí nínú fíìmù wa! Síìnì 23 ńkọ́? Ọmọ lánlọ́ọ̀dù àti ọkùnrin báńkì jókòó sí àjà kẹta, kalikulétọ̀ wà láàárín wọn, òjò ń jò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ lánlọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ pe ẹni tó máa tún òrùlé ṣe. Ọkùnrin báńkì ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "dúró ná." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ ìró omi nínú ilé yẹn la máa mọ ẹni tó ni ìró náà. Ẹ gé e. Ẹ wá fi ìró omi sílẹ̀ nínú fíìmù o, ó ṣì ń ro tó, tó, tó káàkiri, àwọn tó bá wò ó á rò pé ayálégbé wọ̀nyẹn ò mọ ilé tọ́jú ni. Èyí ló bí mi nínú jù, jàre.

4. Ẹ máa sọ pé àwọn tó ń wo fíìmù ò fẹ́ ìṣirò. Ta ló ní ìṣirò? Nínú Do the Right Thing tí Spike Lee ṣe lọ́dún 1989, òpópónà kan ní Brooklyn nílùú New York, ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, ọkùnrin kan tó ti ra ilé ládùúgbò yẹn ń kọjá lọ ó sì kọ lu ẹnìkan, bàtà tuntun onítọ̀hún wá dọ̀tí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bi í pé ta ló ní kó wá ra ilé síbí, ó ní Brooklyn ni wọ́n bí òun sí. Ẹ̀rín ni gbogbo wa ń rín, ọ̀rọ̀ ti wọlé tán. Síìnì kékeré ni, àwọn tó ń gbé òpópónà yẹn tẹ́lẹ̀ ló sì ni ín, kì í ṣe ọkùnrin tó ra ilé. Nínú Aquarius, fíìmù Kleber Mendonça Filho ti ọdún 2016, nílùú Recife ní Brazil, obìnrin kan ló kù nínú ilé tí kọ̀ǹpìnnì fẹ́ gbà, wọ́n lọ kó ikán sínú àwọn yàrá òkè orí ẹ̀. Ikán! Kò sẹ́ni tó nílò ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún un. Àwọn tó ṣe Gagarine lọ́dún 2020 lọ yà á nínú ilé Cité Gagarine gan-an, ní Ivry-sur-Seine lẹ́bàá Paris, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ máa wó o. Gbogbo àwọn wọ̀nyí gbà pé àwọn tó ń wo fíìmù lórí lọ́rùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa yẹn ò kéré sí ikán, ẹ kàn bẹ̀rù ẹ̀ ni.

5. Òpópónà tí a ti yà á ńkọ́? Mo ti ń yẹra fún èyí torí ọwọ́ tèmi náà wà ńbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò níbẹ̀. A ní kí àwọn ará ilé má ṣe tan iná lálẹ́, wọn ò tan iná. A ní kí wọ́n kó aṣọ tí wọ́n sá kúrò lójú wíńdò, wọ́n kó o, a tún wá kó aṣọ tiwa sá síbẹ̀ torí àwọ̀ ẹ̀ dáa lójú kámẹ́rà. Ẹ kun iwájú ilé mẹ́ta, ẹ fi iná aláràbarà sí ẹnu àtẹ̀gùn fún síìnì ìparí, nígbà tí a kó ẹrù wa ẹ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn, pé ẹ̀bùn ni. Mo padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin láti lọ kí ìyá tó máa ń bá mi gbé àga. Ejẹ́ǹtì ti ya fọ́tò iwájú ilé yẹn pẹ̀lú iná yín, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "àdúgbò tí wọ́n ti ń ya fíìmù." Ìyá sọ pé wọ́n ti fi kún rẹ́ǹtì wọn. Mi ò lè sọ pé àwa la fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ì bá fi kún un náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà wa ló wà nínú fọ́tò yẹn, ojú wá tì mí débi pé mi ò lè jókòó sórí àga tí ìyá gbé fún mi.

Ẹ sì ṣèlérí fún wọn, lójú mi, níwájú àtẹ̀gùn, pé àwọn ló máa kọ́kọ́ wo fíìmù náà. Wọn ò sí níbi ìfihàn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó wà níbẹ̀ mu wáìnì, wọ́n ní ó wọ àwọn lọ́kàn.

6. Ohun tí mò ń bèèrè fún ò pọ̀, ó sì ṣeé ṣe, torí fíìmù ò tíì jáde.

Ẹ dá síìnì 23, 41 àti 58 padà. Tí àkókò bá jẹ́ wàhálà, ẹ yọ orin ọlọ́dà yẹn, màá bá yín ṣírò ìyókù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ wá ibì kan fi wọ́n sí, kódà kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó máa gbé pọ́ǹpù lọ tí ibùgbé wọn bá pínyà, ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé fíìmù yìí nílò ẹ̀rín. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ láti dá wọn padà, ẹ pa "àjọṣe" rẹ́ lórí pósítà, kẹ́ ẹ sọ pé fíìmù nípa oníkọfí ni, mi ò ní bá yín jà mọ́.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìfihàn lọ sí òpópónà yẹn kí fíìmù tó jáde. Ẹ ta aṣọ funfun mọ́ ara ilé tẹ́ ẹ kùn, kí àwọn ará ibẹ̀ jókòó síwájú, kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti máa dákẹ́. Ẹ ṣe é kíákíá, torí ìyá yẹn sọ pé ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn máa kó jáde.

Ọ̀gá, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ pinnu, mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí tí olówó bá ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ pé "fi í sílẹ̀." Ìgbà kẹta nínú mẹ́rin tí a yà á ló dáa jù, ibi tí tépù ti bọ́ lọ́wọ́ màmá díẹ̀ tó tún mú un. Háàdì díráìfù kejì, fódà ọjọ́ kọkàndínlógún. Ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó fèsì.

Èmi ni,
ẹni tó mú ìwé kọntinúítì lọ́wọ́.